Ohun Tí Mo Kọ Sínú Káàdì Ẹ̀gbọ́n Mi

Iṣẹ́ mi ni láti gbọ́ ohun tí aláìsàn bá sọ lójú fèrèsé ilé ìwòsàn wa, kí n sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ ní èdè dókítà. Dókítà wa kò gbọ́ èdè wa. Ìlà méjì ni wọ́n fà sórí káàdì fún ohun tí ń ṣe aláìsàn, láti ọdún mọ́kànlá tí mo sì ti wà nídìí iṣẹ́ náà, n kò lo ìlà kejì rí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí ẹnìkan bá wí pé inú ti ń run òun láti ọjọ́ tí àna òun ti wá kí òun, 'inú rírun' ni n ó kọ. N kì í kọ àna.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá sí ojú fèrèsé náà. Káfíńtà ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Òun ni ó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wa. Kò wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa rí, nítorí náà nígbà tí mo rí i lórí ìlà, mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀kùn ni wọ́n pè é wá tún ṣe.

"Akọ̀wé," ó ní, "kí lẹ ń pín níbí tí ìlà yín fi gùn tó báyìí?"

"Abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àyà ń já mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á já. Bí mo bá gun àkàbà, á tún já. N kò rí oorun sùn."

Ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá ni ìyàwó rẹ̀ lọ bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Láti ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ̀gbọ́n mi kò dá sun ilé yẹn rí. Mo ka ọjọ́, ọjọ́ méjèèjì bára mu. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rù ilé òfìfo ló ń bà yín. Ṣé ká wá ẹni tí yóò máa rẹ̀ yín lẹ́kún kí ẹ tó sùn ni?"

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, bí ó ti ń rẹ́rìn-ín ni ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ra apá òsì rẹ̀. Mo rí i. Mo rò pé igi ni ó gbé.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 'Ẹ̀rù ń bà á, kò rí oorun sùn.' Ìlà kan.

Dókítà ka káàdì náà. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé e láyà, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an àyà rẹ̀ kò já. Nọ́ọ̀sì tí ń ṣe ògbufọ̀ bi í bóyá ó ń dá gbélé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún un ní oògùn oorun, ó dúpẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì dé ojú fèrèsé mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gbé awò ojú méjì kọ́rùn, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ènìyàn.

"Àyà mi ń já," ó ní.

Mo ti kọ 'Ẹ̀rù' kí ó tó panu dé. Àwọn tíṣà a máa lè ka ìwé bí a tilẹ̀ dorí rẹ̀ kodò. Ó ti ìka kan gba abẹ́ gíláàsì wọlé, ó fi kan káàdì náà.

"Kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ohun tí ẹ sọ ni, mà."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ èdè tí o fi kọ ọ́, má tàn mí. Kí ló ń bà mí lẹ́rù? Dárúkọ rẹ̀."

Mo gbé bíírò kúrò lórí káàdì.

"Ẹ̀rù a máa ní ohun tí ń fà á, ọmọ mi. Mo jókòó, mo ń gé èékánná, àyà mi já bí ìgbà tí okùn garawa já sínú kànga. Ó dúró. Ó tún sáré. Ṣé èékánná ló dẹ́rù bà mí? Pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, okùn àti garawa, ó gba ìlà méjèèjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí. Apá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún tí ń ra apá òsì.

Mo yọ káàdì ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú àpótí, mo kà á. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ẹ̀gbọ́n mi kò dákẹ́. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, tí mo sì fi í ṣẹ̀rín.

Mo pè é lórí fóònù. Kò gbé e. Bí ó bá wà lórí òrùlé, inú àpótí irinṣẹ́ ni fóònù rẹ̀ ń wà.

Mo dìde. Nọ́ọ̀sì àgbà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Níbo lò ń lọ? Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà lórí ìlà!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú tíṣà yẹn wọlé kíákíá, kí ẹ sì ní kí dókítà tan ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sílẹ̀. Mo ṣi káàdì ẹ̀gbọ́n mi kọ."

N kò dúró gbọ́ èsì.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́, níbi tí ó ti ń kan òrùlé, kò ju òpópónà méjì lọ sí wa. Mo sáré débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní góńgó òrùlé, ó la ẹsẹ̀ gun igi bí ẹni gun ẹṣin, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Bíríkìlà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń po símẹ́ńtì nísàlẹ̀.

"Àǹtí Akọ̀wé! Ṣé ẹ wá kọ orúkọ wa ni? Èmi kò ṣẹ̀ o."

"Ẹ bá mi di àkàbà mú," mo ní. Ó wo ojú mi, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

Mo gbójú sókè. Bí mo bá pariwo pé àìsàn ọkàn ni, jìnnìjìnnì lè bò ó kó já bọ́. Bí mo bá sì fi falẹ̀, ọkàn náà lè dá iṣẹ́ dúró lókè níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Ó ku ìṣó mẹ́fà."

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Iṣẹ́ tó ku ìṣó mẹ́fà? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?" Ó gbé òòlù. Mo rí i tí ó gbá ẹyọ kan, tí ó dúró mí, tí ó tún gbá a. Ẹni tí ó ń gbá ìṣó wọlé lẹ́ẹ̀mejì péré tẹ́lẹ̀ ni.

Nígbà náà ni mo rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òótọ́ sì ni.

"Mo ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́. Orí káàdì yín ni. Ẹ wá kí a tún un ṣe."

Òòlù dúró. Ó mọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. "Ìwọ kẹ̀? Àṣìṣe?"

"Èmi ni."

Ó gbé òòlù kọ́ ìgbànú, ó wá ẹsẹ̀ àkàbà. Àtẹ̀gùn méjìlá ni àkàbà náà ní. Mo ń kà á sínú. Ní ìkeje láti òkè, ó dúró. Ó gbá àkàbà mọ́yà, ó gbórí lé ọwọ́.

"Ó ti ń já o," ó ní jẹ́jẹ́. Òógùn kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí iwájú orí bíríkìlà.

"Ọ̀gá," bíríkìlà ní, ohùn rẹ̀ kò mì, "ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ tẹ orí mi bí ẹ bá fẹ́. Orí yìí kò kúkú rí iṣẹ́ gidi ṣe látọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi fi imú rẹ́rìn-ín. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀. Ó sọ èkejì. Nígbà tí ó kan ilẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun bí eérú. Ó fẹ́ rìn, n kò gbà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣòjòjò kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìwòsàn, mo ti gbọ́ tí dókítà ń pariwo rẹ̀. Bíríkìlà da símẹ́ńtì nù kúrò nínú bárò, ó tẹ́ àpò sí i, a gbé e sínú rẹ̀.

"Bí ìyàwó mi bá gbọ́ pé bárò lẹ fi gbé mi," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ẹ ó sá nílùú."

"Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná," bíríkìlà ní, ó sì ti bárò náà bí ẹni tí iná ń lé.

Wọ́n ti tan ẹ̀rọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Dókítà fi ìka tọ ìlà tí ẹ̀rọ ń yà. Ibì kan wà tí ó yẹ kí ìlà náà wálẹ̀, ó dúró sókè bí èjìká.

Ó ní ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ti dí. Ẹran ọkàn tí kò rí ẹ̀jẹ̀ ń kú lọ, ìdí nìyẹn tí ìlù rẹ̀ fi ń ṣe ségesège. Ó fi hóró ásípírìn sí i lẹ́nu.

"Ẹ rún un," mo túmọ̀. "Ẹ má gbé e mì lódidi."

Dókítà wá gbé káàdì ọjọ́ Ajé. Ó kà á, ó wo bébà, ó tún kà á.

"Ta ló kọ 'ẹ̀rù' síbí?"

Nọ́ọ̀sì àgbà wo ògiri.

"Èmi ni," mo ní. "Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní àyà ń já òun. Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn níbí, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wí. Èmi ni mo yan ọ̀kan nínú méjèèjì, n kò sì béèrè."

"Báwo ló ṣe ń já?"

"Bí okùn."

Kò bínú, kò sì ní àkókò rẹ̀. "Bi í léèrè. Gbogbo ohun tó bá sọ ni kí o sọ fún mi. Gbogbo rẹ̀."

Mo bi í. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ gùn: ìnira tí ó ti orí àyà gba apá òsì lọ sí ìka kékeré, òógùn òwúrọ̀, eyín tí ń dùn ún láìsí kòkòrò níbẹ̀. Ó sọ àná tí ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé tí kò lè dìde. N kò gé ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó wí pé, "Mo tiẹ̀ fẹ́ pè ọ́ lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n mo rò pé o máa..."

Kò parí rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí sókè. Lórí bébà, ìlà náà di wúruwùru bí ìyàkuyà ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì àgbà ti gun orí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì ń tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń kà sókè. Dókítà mú pátákó irin méjì tí ń gbé iná. "Ẹ kúrò lára rẹ̀!" Ara ẹ̀gbọ́n mi fò sókè, ó balẹ̀. Ìlà kò yí padà. Nọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ìgbà tí ó ka ọgbọ̀n ni dókítà tún pariwo. Ara náà tún fò.

Ìlà dúró gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ẹyọ kan. Ẹyọ kan sí i. Mo ń dúró de ìkẹta bí ẹni dúró de ìdájọ́. Ó dé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó la ojú. "Akọ̀wé," ó ní, "ta ló fi pákó gbá mi?"

Ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́sàn-án yẹn. Wọ́n ti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wáyà tín-ín-rín bọ inú iṣan títí dé ọkàn, wọ́n ṣí ojú ibi tí ó dí, wọ́n sì fi páìpù kékeré bí àwọ̀n há a kí ó má tún pa dé. Tíṣà àgbà gba oògùn tirẹ̀ lọ sílé. Ìlù ọkàn rẹ̀ ń ṣìṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan tirẹ̀ kò dí.

Dókítà ilé ìwòsàn ńlá fi àwòrán hàn wá. Apá kan ọkàn ẹ̀gbọ́n mi kò mira mọ́, ó ti kú. Mo béèrè bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé e wá ńkọ́. Ó ní bóyá apá náà kì bá tí kú. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ gun òrùlé mọ́.

Lọ́jọ́ tí ó padà sílé, mo mú káàdì náà lọ bá a. Ìyàwó rẹ̀ ti dé, ó jókòó tì í, ó ń yọ oògùn àárọ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú tàlẹ́. Mo ka ohun tí mo kọ fún un ní èdè wa. Ó gba káàdì, ó wò ó pẹ́.

"Ìlà mélòó ni wọ́n fà fún ọ?"

"Méjì."

"O lo ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń retí kí ó rẹ́rìn-ín. "Igi tí a bá gé kúrú, a kì í rí i fà gùn," ó ní. Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ìṣó márùn-ún ló kù lórí ilé yẹn. Ta ló gbá a?"

"Bíríkìlà ni."

"Á ti wọ́." Ó dá káàdì padà fún mi, ó fi èékánná fa abẹ́ ìlà kejì tí ó ṣófo. "Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Wọ́n ti parí pẹ̀lú káàdì yìí, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní kí o kọ ọ́."

Mo yọ bíírò. Ó sọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́ lójú fèrèsé lọ́jọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bákan náà: àyà ń já mi. Mo kọ ọ́ ní èdè wa, n kò túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kó béèrè.