Ọkọ̀ Tí Badmus Tún Kàn Lórí Òkè

Ẹni tí kò bá fojú rí i kò ní gbà á gbọ́ pé àwọn ará Ọ̀kà ru ọkọ̀ ojú omi gun orí òkè tí ìlú wọn wà. Ọkùnrin méjìlá ló rù ú láti etí odò Ọ̀sẹ̀, Badmus ṣíwájú wọn, ó ń kígbe pé kí wọ́n rọra. Òyìnbó kan tó wá wọn ilẹ̀, lọ́dún kẹta tí ajẹ́lẹ̀ wọn dé Ìkàrẹ́, ló pa á tì síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti jẹrà, òpó rẹ̀ ti dá, ikán sì ti fi ìgbòkun rẹ̀ ṣe oúnjẹ.

Odó ni Badmus ń gbẹ́, kì í kan ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀ ó ti bá wọn tukọ̀ ní Lọ́kọ́ja, kò sì gbàgbé ohun tó rí. Memunat ìyàwó rẹ̀ mọ ìdí wàhálà náà. Raliat, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé lọ́dọ̀ Kareem ọkọ rẹ̀ ní òdìkejì odò. Àárín òjò ni yóò bí àkọ́bí rẹ̀, nígbà tí Ọ̀sẹ̀ bá kún tí ọkọ̀ kékeré kankan kò lè là á já. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wọn, ọwọ́ ìyá tó bí ìyá ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ àkọ́bí, èèwọ̀ sì ni kó lọ jókòó de ìbí nílé àna. Bí ẹlòmíràn bá wẹ̀ ẹ́, ẹ̀dùn náà yóò bá Memunat dé sàréè.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni Badmus fi ṣiṣẹ́. Ó fi pákó ìrókò pààrọ̀ ìdí tó jẹrà, ó gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ga sí i kí ìgbì má baà wọlé, ó sì ri òpó tuntun tó ga ju ti òyìnbó lọ. Memunat hun kíjìpá fún ìgbòkun. Nígbà mìíràn yóò dáwọ́ dúró nídìí òfì, yóò máa wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lára igi náà. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó ń dùn ún.

Ládélé ẹlẹ́mu kì í kọjá kó má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Badmus, ṣé ẹja ni yóò gun òkè wá bá ọ ni?"

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ru ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bó ti kan odò ni omi ń tú wọlé láti gbogbo ìpàdé pákó. Ládélé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Badmus ti sá ọkọ̀ náà sínú ọyẹ́ àti oòrùn bí ẹni ń sá igi odó, nítorí agbẹ́dó kì í fọwọ́ kan igi tútù. Igi ti sún kì, àárín pákó sì ti là.

"Bàbá Raliat," Memunat ní, "bí irin àáké bá ń mì nínú eèkù, kí là ń ṣe sí i?"

"À ń rẹ ẹ́ sómi ni." Badmus wò ó. Ó fò dìde. "Òkúta! Ẹ kó òkúta wá!"

Wọ́n di òkúta kún inú ọkọ̀, wọ́n sì rì í sí etí odò níbi tí omi ti dákẹ́, kí igi lè mu omi kó wú. Ẹ̀rín tún sọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kareem kígbe láti òdìkejì pé Raliat ti ń rọbí. Badmus sáré lọ kó òkúta kúrò, Memunat sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omijé ń ṣàn lójú Memunat fúnra rẹ̀.

"Kò tíì mu omi tó. Bó bá rì láàárín odò, ta ni yóò wẹ ọmọ? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Memunat jókòó létí odò, ó ń gbàdúrà, kò jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta wọ́n fà á sókè, wọ́n gbọ́n omi inú rẹ̀. Ẹ̀kán kan kò wọlé mọ́. Badmus àti Memunat wọ inú rẹ̀, Badmus fa okùn, kíjìpá gba afẹ́fẹ́, ó yọ ikùn. Odò ń wọ́ wọn lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kọ̀, ó ń tì wọ́n síwájú. Ojú Badmus ń dán bí ti ọ̀dọ́kùnrin. Létí odò, Ládélé ṣí fìlà.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ìyá Kareem pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àná la bí i," ni ó wí. "Aṣọ nìkan la fi nù ún. Mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́, Kareem ló kọ̀. Ó ní òun rí yín tí ẹ ń ri ọkọ̀ tí ẹ fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kàn. Ó ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ, yóò dé."

Memunat jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ lé e lórí itan. Ó bomi sí ọmọ lára. Lẹ́yìn ilé, Badmus ń sunkún bí ọmọdé.