Lẹ́yìn Etí Ọ̀tún

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọ̀gá Sítáǹpù kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kò yà. Òdìkejì títì ló gbà. Ó fi ìwé ìròyìn bojú bíi pé oòrùn ń pa á, bẹ́ẹ̀ òjò ló ṣú. Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ tó ti pọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó títí ọkùnrin náà fi ti ilẹ̀kùn onígíláàsì ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tó wọlé síbẹ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ má dúró gbagidi bí òpó iná," ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn táwẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ ló ń ká. "Ẹni tó bá ní òun ò wá mọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Orí ṣì pọ̀ nílùú."

Onígbàjámọ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe pé oníbàárà lọ ló ń dùn ún. Wọ́n ti ń lọ tipẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí wọ́n máa ya àwòrán sí wọn lórí ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ra kílípà sílé, tí ìyàwó ń gẹ̀ fún bí ẹni ń ro oko. Àwọn akọ̀wé ló tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ní abẹ a máa kó àrùn ranni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú wọn. Ohun tí kò jẹ́ kó fojú kan oorun láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ohun kan tó wà lẹ́yìn etí ọ̀tún Ọ̀gá Sítáǹpù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí àfi òun.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi wá ń fá orí lọ́dọ̀ rẹ̀, ní gbogbo Sátidé. Ilé-ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ ìnagijẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá gbé, ta ni yóò sì wo ẹ̀yìn etí bàbá ẹni?

Ohun náà kò ju orí ìṣáná lọ nígbà tí onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ rí i. Dúdú ni, ó ń dán. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti tó bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó sì le. Bí ọwọ́ onígbàjámọ̀ bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ á ti mọ̀ kí abẹ tó mọ̀. Yóò yí i po, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé abẹ lé e lọ́wọ́ pé orí oníbàárà kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ohunkóhun tó bá kà níbẹ̀, kó gbé e mì. Ó sì gbé púpọ̀ mì ní ọdún mọ́kànlélógójì. Ó mọ ẹni tó ní làpálàpá, ó mọ ẹni tí iná orí ń bá jà, ó sì mọ ọkùnrin pàtàkì kan tí ìyàwó rẹ̀ sọ ìdérí ìkòkò lù ní àtàrí. Kò sí èyí tó ti ẹnu rẹ̀ jáde rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkùnrin fi ń di ojú wọn lórí àga rẹ̀.

Àmọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì, abẹ kò tíì dé ẹ̀yìn etí rárá nígbà tí ibẹ̀ ṣàdédé ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí táwẹ́ẹ̀lì funfun. Ọ̀gá Sítáǹpù rí i nínú dígí, ó sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu onígbàjámọ̀ ti là láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni pé, "Ọwọ́ mi ló yẹ̀, Ọ̀gá. Ẹ má bínú." Ẹni tí abẹ rẹ̀ kò gé ènìyàn rí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ ju èkejì lọ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di Sátidé kejì, ọmọ Ọ̀gá Sítáǹpù ti ní bàbá òun kò ní fi orí sábẹ́ abẹ arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń yẹ̀ mọ́. Ó mú un lọ sí ọ̀ọ́kán. Onígbàjámọ̀ lọ sílé wọn ní ọjọ́ keje oṣù kẹta láti sọ tẹnu rẹ̀, ọmọ náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ní bàbá ń sinmi, ó sì ní kó má wulẹ̀ bẹ̀bẹ̀ mọ́, àwọn ti dárí jì í. Ó padà sílé pẹ̀lú ìdáríjì tí kò bèèrè.

Ní Sátidé ọjọ́ kẹrìnlá náà, nígbà tó wo ilẹ̀kùn onígíláàsì títí ojú fi ń ro ó, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà dáwọ́ dúró lórí táwẹ́ẹ̀lì tó ń ká.

"Ẹ rí i, ẹ ò sọ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

"Ẹnu lẹ ó fi sọ ọ́, Bàbá. Ẹnu náà la fi ń sọ̀rọ̀."

Onígbàjámọ̀ ní bí òun bá wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lónìí, wọn á ní oníbàárà lòun wá tọrọ, wọn á ní ìlara ló ń da òun láàmú. Obìnrin náà gbé táwẹ́ẹ̀lì kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bú kì í fi ìyẹn kú.

Onígbàjámọ̀ bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sọdá.

Inú ṣọ́ọ̀bù náà tutù, ó mọ́lẹ̀ kedere. Tẹlifíṣọ̀n ń fi bọ́ọ̀lù hàn láìsí ohùn, àwọn irin iṣẹ́ sì wà nínú àpótí kan tí iná rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ibẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kó jókòó, ènìyàn mẹ́ta ló kù kó tó kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró ní ó jọ pé bàbá fẹ́ wá gẹ pọ́ńkì. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Sítáǹpù wà lórí àga lábẹ́ aṣọ dúdú, wọ́n ti gẹ ìdajì orí rẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì pàdé nínú dígí. Ara Ọ̀gá Sítáǹpù ò gbà á.

"Gbàjámọ̀, má dójú tì mí níbí," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ ló fà á."

"Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá, Ọ̀gá." Ó kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Jọ̀ọ́, pa ẹ̀rọ yẹn ná. Wo ẹ̀yìn etí ọ̀tún wọn."

"Mo mọ ibẹ̀, bàbá. Ojú àpá abẹ yín ni. Wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Mi ò kí ń kàn án, mo máa ń yí i po ni."

Irọ́ onígbàjámọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ sọdá títì, ó sì ti rí ibi jókòó sí. Bí òun bá dákẹ́ báyìí, ọmọ yìí á máa yí ohun náà po ní Sátidé dé Sátidé, bí òun ti ṣe.

"Abẹ mi ò kàn án rí," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló jáde, Ọ̀gá. Irọ́ ni mo pa fún yín. Kókó ló wà níbẹ̀, ó sì ń dàgbà. Ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òní."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tan iná fóònù, ó fa etí náà síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gbé fóònù fún Ọ̀gá Sítáǹpù. Ọkùnrin náà gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́, bí ẹni tí wọ́n fi fọ́tò àlejò hàn.

"Láti ìgbà wo?"

Onígbàjámọ̀ lè sọ pé láti oṣù kejì. Ta ni yóò já a nírọ́? Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Oṣù méjìdínlógún, Ọ̀gá."

"Ní gbogbo Sátidé?"

"Gbogbo Sátidé."

Ọ̀gá Sítáǹpù dá fóònù padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Mo máa ń sùn lórí àga rẹ, Gbàjámọ̀."

Ó dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kó jẹ́ kí òun parí ìdajì tó kù, ó kọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó bẹ àwọn tó ń dúró pé kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun, ó sì di bàbá náà lápá mú jáde. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí Ọ̀gá Sítáǹpù mi orí, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó yọwọ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán nígbà tí ọkọ̀ náà ṣí kúrò, onígbàjámọ̀ sì dúró sójú kan náà títí ìyàwó rẹ̀ fi wá fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó lórí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ń sọdá wá sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún un. Ó ní dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ó sì bèèrè ìdí tí wọ́n fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ní ká ní wọ́n dé nígbà tí ohun náà wà bí orí ìṣáná ni, awọ díẹ̀ ni wọn ì bá bó. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọ̀gá Sítáǹpù yè é. Wọ́n gé etí ọ̀tún rẹ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀.