Igi Pawmu

Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, Tawe yà sí èyí tó jìn, ó ń yára bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

"Bàbá, ọ̀nà igi mi kọ́ nìyẹn," ni Pawmu, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wí. Ó pọn ọmọ tuntun. "Àbí ẹ ti gbàgbé ni?"

"Ọ̀nà yẹn ń yọ̀."

"Nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sí ọ̀nà kúkúrú.

Tawe tẹ̀lé e. Ọparun kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ará ilé kankan ò lọ sóko lónìí, torí èèwọ̀ ni lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń so ó mọ́ igi tí ẹ̀mí ọmọ náà yóò máa bá gbé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Pawmu nígbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ ìjì ti wó igi Pawmu lójò èṣí, nígbà tí Pawmu wà nílé ọkọ rẹ̀ ní ìlú Chiang Mai, Tawe ò sì sọ fún un. Ó fẹ́ gé e kó o kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ní igi tó ṣubú pàápàá kò ṣeé kó. Lọ́la ni Pawmu ń padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Bó bá rí i pé igi òun ti lọ, kí ló tún máa mú un gun òkè yìí wá? Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a.

Igi náà nà gbalaja síwájú wọn. Pawmu dúró.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò."

Ó fọwọ́ pa èèpo rẹ̀ tó ti ń jẹrà. "Ìgbà yẹn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù ní ìdájí. 'Ṣé o sùn? Ṣé o jẹun?' Mo ní fún ọkọ mi pé ọjọ́ ogbó ti dé sí Bàbá!"

"Mo pa adìẹ nítorí ẹ̀mí rẹ, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Mo ní kí n ṣáà máa gbóhùn rẹ."

Tawe ń retí ìbínú. Pawmu jókòó sórí igi náà, ó fún ọmọ lọ́yàn, ojú rẹ̀ kún fómi. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí igi kan tó dúró nítòsí.

"Ẹ so ti ọmọ mi mọ́ èyí."

Tawe gbé ọparun náà sára igi, ó ń wé okùn mọ́ ọn. Pawmu bá a di ọparun náà mú.

"Bàbá, tí ẹ bá ń pè mí láàárọ̀, ẹ máa sọ bí igi yìí ṣe wà fún mi."

"Màá máa sọ ọ́."

Tawe fa okùn náà le. Láti òjò èṣí ló ti ń wá ohun tí yóò so ọmọ rẹ̀ mọ́ òkè yìí, kò mọ̀ pé àràárọ̀ lòun ń so ó.