Kóòṣì Tó Ń Fi Orúkọ Bàbá Pe Ọmọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ilé-ìwé girama Tolliver fi ń na gbogbo ìlú tó yí i ká ní bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, lọ́dọọdún, ẹ má wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ wa kò sígbọnlẹ̀ ju ọmọ ẹlòmíràn lọ. Òwú là ń gbìn ní apá ibí yìí ní Texas, a kì í gbin òmìrán. Delbert Kranz, kóòṣì tó ń kọ́ wọn, ni ìdí rẹ̀.

Nígbà tí Delbert dé, a ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń borí. Àwọn ènìyàn ń wá sí pápá lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ láti jẹ gúgúrú kí wọ́n sì bú rẹfirí. Kóòṣì tuntun yìí kò bú ẹnikẹ́ni. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gbà lọ. Ó kó àwọn ọmọ kéékèèké tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ká jọ, ó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù sáyà sáré, ẹni tó máa dí alátakò lọ́nà fún wọn àti ibi tí wọ́n máa gbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń ṣe é ní girama. Ọgbọ́n kan náà, orúkọ kan náà, títí ọmọ á fi lè dijú ṣe é. Ọmọ tó bá pa ìdánrawò jẹ, tàbí tó pẹ́ dé, kò ní wọ pápá lọ́jọ́ Jímọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ pásítọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún wa rí, nọ́ńbà bàbá rẹ̀ ló máa wọ̀. Àwọn ìlú yòókù ń lé kóòṣì, wọ́n ń gba òmíràn, wọ́n ń pààrọ̀ ọgbọ́n bí ẹni pààrọ̀ fìlà. Tiwa kò yí padà. Ọmọ ń rọ́pò bàbá, a ń borí, ó wá kù díẹ̀ kí á rò pé wọ́n bí i mọ́ wa ni.

Àìyípadà yìí kan náà ni àìsàn ìgbàgbé tó mú Kóòṣì lọ́jọ́ ogbó rí sá pamọ́ sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jọ nǹkan kan. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí oòrùn ń mú bí ẹni ń gbẹ̀san, Kóòṣì pe Tate Wooley ní Garland. Garland ni bàbá Tate, ó ń ta katakata báyìí, ikùn rẹ̀ sì ti yọ síwájú. Tate kò jiyàn. Ó ní, "Sà," ó sì sáré lọ síbi tí wọ́n rán an. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi máa wọlé, kò sí ọmọ kan tí Kóòṣì ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́. Orúkọ bàbá ló ń pè, gbogbo wọn sì ń dáhùn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í já àgbà nírọ́.

Ní ilé kọfí Jolene, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín.

"Ó tún pe ọmọ mi ní Garland lánàá," Garland ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ọmọ náà dáhùn?"

"Ó dáhùn kẹ̀. Ó tilẹ̀ sáré ju bí èmi ṣe ń sáré láyé ìgbà yẹn lọ."

"Ìgbín gan-an ń sáré jù ọ́ lọ, Garland."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bu kọfí kún kọfí. Kò sí ẹni tó béèrè ọdún tí bàbá arúgbó yẹn rò pé a wà. Mi ò sọ pé a ò fẹ́ràn rẹ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ṣùgbọ́n a tún fẹ́ràn kí á máa borí, mi ò sì lè sọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì.

Lyle Pruett nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Òun ni igbákejì Kóòṣì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti pé lórí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá tó bí i kò kúrò nídìí ọtí, Delbert ló sì mú un wọlé, tó kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, tó ra bàtà tó fi gba ìwé ẹ̀rí fún un. Báyìí, Lyle ló ń fi ọkọ̀ gbé Kóòṣì lọ sí pápá, nítorí ó ti ṣìnà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pápá tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri rẹ̀. Lyle ló ń sọ iye àmì-ayò fún un wúyẹ́wúyẹ́ létí. Bí Kóòṣì bá pàṣẹ ọgbọ́n tí kò yẹ, Lyle á fi èyí tó yẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Nadine, ìyàwó Kóòṣì, pè é jókòó ní kíṣíìnì.

"Lyle, jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Lánàá ó bi mí bóyá ìyá mi ti jẹun. Ìyá mi tó ti kú kí wọ́n tó bí ìwọ."

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀, o sì dákẹ́. Gba àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, á ní mo ti ń jowú bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n á gbọ́ tìẹ."

"Ẹ jẹ́ ká parí sáà yìí ná, mà. Wọn ò tíì nà wá rárá."

"Ẹ sì máa borí borí títí tí ọkọ mi á fi sọnù mọ́ mi lọ́wọ́."

Lyle ṣèlérí pé bí Jímọ̀ bá ti kọjá, òun á sọ ọ́. Jímọ̀ kọjá, kò sọ ọ́. Òmíràn tún kọjá. Ó máa ń dé iwájú Kóòṣì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, Kóòṣì á fọwọ́ gbá a léjìká, á ní, "Àwọn ọmọ yìí dáa lọ́dún yìí, Lyle," òun náà á sì ní wọ́n dáa. Ta ló fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó kó òun wọlé? Lójú Lyle, kí a mú Delbert kúrò ní pápá kò yàtọ̀ sí kí a sin ín láàyè.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a gbá pẹ̀lú Cutler, ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún wa fi ẹsẹ̀ rọ́, wọ́n sì gbé e jáde. Kóòṣì kọjú sí bẹ́ǹṣì.

"Shane, wọlé."

Àwọn ọmọ náà ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lè jẹ́ orúkọ yẹn, nítorí Shane kò dàgbà débi tó máa bí ọmọ.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Delbert àti Nadine bí ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà eyín ní Lubbock, tó ń wa ọkọ̀ eré àsápajúdé kó má baà pẹ́ dé ìdánrawò bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ pa á lọ́jọ́ náà, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Nadine nìkan ló wà nílé nígbà tí ọlọ́pàá kanlẹ̀kùn. Wọ́n ránṣẹ́ dé pápá. Delbert gbọ́ ọ, ó ní kí àwọn ọmọ tún eré náà ṣe, ó sì parí ìdánrawò kó tó lọ sílé. Ìlú yìí yìn ín títí. Wọ́n ní ọkùnrin mẹ́ta ni. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n rí nínú ìyẹn tí wọ́n ń pè ní ọkùnrin. Nadine kò sọ nǹkan kan, nígbà náà àti títí di òní.

"Shane, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Tate Wooley dìde, ó wọ akoto rẹ̀. "Èmi rèé, sà."

Kóòṣì wò ó títí. "Jókòó, Garland. Ṣé mi ò mọ ọmọ mi ni?" Ó yíjú sí Lyle. "Ọmọ yẹn tún ti pẹ́. Mo sọ fún un o. Mo ní kò sí pé ọmọ mi ni ẹ́, bó o bá pẹ́, wàá jókòó."

"Ó ń bọ̀, Kóòṣì": gbólóhùn yìí ti wà lórí ahọ́n Lyle. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ló ti ń pa bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti ń wo ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, Lyle sì rí i pé yóò máa wò ó títí eré á fi parí, yóò tún máa wò ó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi sọnù lọ.

"Kóòṣì," Lyle di apá rẹ̀ mú. "Shane ti kú, sà. Ọkọ̀ ló pa á lójú ọ̀nà Lubbock. Ó ti pẹ́."

Delbert kò gbọ́ "ó ti pẹ́" yẹn. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó di aṣọ Lyle mú láyà. Lórí pápá, wọ́n ń fọn fèrè pé kí a mú ẹnì kan wọlé.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti gbọ́?"

"Ó ti gbọ́, sà."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Lyle nawọ́ sí òkè, níbi tí Nadine jókòó sí láàárín àwọn òǹwòran.

"Kí wá ni mò ń ṣe níbí?" Delbert ní. "Gba àwọn ọmọ yìí, Lyle. Mò ń lọ bá ìyàwó mi."

Ohun tí Lyle kò lè tọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ yìí. Ó dùn ún bí ọgbẹ́. Ó tọ́ka sí ọmọ kan pé kó wọlé, omijé kò sì jẹ́ kó rí bí eré náà ṣe lọ.

Delbert ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ibi tí àwọn òǹwòran wà, àwọn ènìyàn ń ká ẹsẹ̀ kò kí ó lè ráàyè kọjá. Nadine ti rí i tó ń bọ̀, ó dìde. Kò rí i kó kúrò ní pápá nígbà tí eré ń lọ rí láyé.

"Nadine, wọ́n ní Shane..."

Nadine lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Jókòó tì mí," ó sì bú sẹ́kún lójú gbogbo Tolliver, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Delbert fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àwọn tó jókòó nítòsí ní ohun kan náà ló ń sọ fún un léraléra.

"Bí mo ṣe gbọ́ ni mo kúrò ní pápá, Nadine. Mi ò dúró rárá."

"Mo mọ̀," Nadine ní. "Mo mọ̀, Delbert."