Ọmọ Bàbá Má-mì

"Ṣé ó pariwo?" Ìyá ọmọ náà tún béèrè. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ṣé ọmọ mi ké, àbí kò ké?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin ṣọ́jà tó wá kí wọn ní ilé ìwòsàn àwọn ológun wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì wo ilẹ̀. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Bàálù kan náà ló gbé wọn lọ sí òkè òkun, níbi tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wọn ti lọ bá àwọn ti ilẹ̀ ọ̀rẹ́ ṣe ìdánrawò ogun. Òun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣe ni wọ́n gbé e wá. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, dókítà sì ti sọ fún wọn láàárọ̀ pé bó ṣe máa wà títí láé nìyí. Oòrùn ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

"Màmá, àwọn ọ̀gá wa ti ṣàlàyé fún yín."

"Wọ́n ní ó kàn dákú lójijì ni. Èmi ni mo bí i. Bí ẹ̀gún bá gún un, á ti pè mí ká tó mọ̀ pé ẹ̀gún ni. Oòrùn á wá máa pa á, kó má ké?"

Ọkọ rẹ̀ dìde lórí àga. "Jẹ́ kí n sìn ín sọ́nà," ló wí.

Bàbá Má-mì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ìdúró àti ìrìn, "Má mì" ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ohùn náà kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Àwọn aládùúgbò a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ewúrẹ́ bá gbọ́ ọ, á kọ́kọ́ nàró ṣánṣán kó tó rántí pé òun kì í gba owó oṣù. Ohùn yẹn ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ó ti le jù, á ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan ń fi omi nu ilẹ̀. Wọ́n dúró títí ó fi kọjá.

"Ṣọ́jà lèmi náà," ni bàbá náà wí. "Má fi ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá dá mi lóhùn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Bàbá. Kò sí ọta nínú ìbọn. Adájọ́ ìdánrawò ló ń rìn káàkiri, ẹni tó bá ti fi ọ̀pá kàn, wọ́n ti kà á sí òkú nìyẹn. Á ṣí akoto, á dùbúlẹ̀ síbi tó kú sí, kò ní sọ̀rọ̀ títí fèrè ìparí á fi dún. Àárọ̀ ni wọ́n pa á. Pápá gbígbẹ ni, kò sí igi kan báyìí."

"Wọn kì í yẹ àwọn òkú wò ni?"

"Wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, kó kàn nawọ́ sókè ni, wọ́n á gbé e. Àwọn òkú ti ilẹ̀ ọ̀rẹ́ tiẹ̀ ti sá sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń jẹ bísíkíìtì. Òun nìkan ló kù nínú oòrùn. Dókítà wọn bẹ̀rẹ̀ tì í, ó bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó pa ojú dé. Dókítà ní irú ṣọ́jà báyìí ló yẹ kí wọ́n máa rán wá."

Inú bàbá náà dùn fìrí kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n pa èmi náà nígbà tó yá. Mo wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, kò làágùn mọ́. Mo ní kó nawọ́ sókè. Ó ní..."

"Sọ ọ́."

"Ó ní bàbá òun ti kìlọ̀ fún òun pé ṣọ́jà tó bá mì lójú àlejò, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dójú tì. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe ni, Bàbá. Nígbà tí fèrè dún, gbogbo wa dìde."

Bàbá náà rántí ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ni, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó máa wá gbé ọmọ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó rò tẹ́lẹ̀. Ó kàn rò pé ó yẹ kí bàbá rí nǹkan sọ ni.

"Máa lọ sílé," ló wí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Má sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀."

Nígbà tó ku òun nìkan, ó fọwọ́ ti ògiri. Ọ̀ràn náà dùn ún ju ẹkún lọ. Ó pinnu pé òun máa wọlé lọ sọ gbogbo rẹ̀, kí ìyàwó òun bú òun, kó lé òun jáde bó bá fẹ́.

Ìyá náà ti yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Kí ló sọ fún yín?"

Bàbá Má-mì lanu. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà.

"Ó ké," ló wí. "Ó ní ó ké gan-an. Ìwọ ló ń pè. Ariwo ìbọn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Obìnrin náà mirí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà rọ̀, bí kò ṣe rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ dé. "Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ rò pé kì í sunkún. Ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń wá sun ún." Ó ká aṣọ náà. "Kí ló ní ó ń sọ, nígbà tó ń pè mí?"

Bàbá náà kò mọ̀ bóyá nítorí ìyàwó rẹ̀ ló ṣe parọ́, tàbí nítorí ara rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé kò sí ọ̀nà àtipadà mọ́.

"Omi," ló dáhùn. "Ó ní kí o fún òun lómi."

Obìnrin náà mú ife lórí tábìlì. Ó ki òwú bọ inú omi, ó sì ń fi í kan ètè ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Má bínú, ọkọ mi," ló ń wí fún ọmọ náà. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni."