Obìnrin Tó Ń Dorí Bàálù Kodò

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, kò sí ìpàtẹ àgbẹ̀ kan ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò ti mọ Leota Pospisil. Òun ló máa ń dorí bàálù kodò lókè pápá ìdíje ẹṣin, tí yóò fò wálẹ̀ débi pé àwọn ọkùnrin á di fìlà wọn mú. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ àlìkámà, kì í lọ wòran. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá ikú ṣeré, kó má pe òun síbẹ̀.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwa ọmọkùnrin ní bàálù wíwà. Wọn kò fẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ti lọ sójú ogun. Bí Leota ṣe di olùkọ́ wa nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dwight Sorley, ẹlẹ́nu bí idà, bi í pé:

"Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wa, àbí aṣọ ìdọ̀tí wa lẹ wá kó?"

"Wọ inú bàálù," Leota dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, Dwight bì sára ẹ̀wù ara rẹ̀.

"Ó dáa," Leota wí. "Aṣọ ìdọ̀tí dé. Lọ fọ̀ ọ́."

Èmi, Orrin Tack, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìṣojú mi ni bàálù Lyle, ọ̀rẹ́ mi, ṣe pòòyì bí òkòtó, tó já sínú oko àgbàdo, tí Lyle sì kú. Láti ọjọ́ náà, bí bàálù bá ti fẹ́ yí, ọwọ́ mi á gan mọ́ ọ̀pá ìdarí. Mejọ Whitlock, ọ̀gá ibùdó wa, ní kí wọ́n lé mi.

"Ojo ni," ó wí lójú mi.

"Kì í ṣe ojo," Leota fèsì. "Òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sókè ná."

"Mo ní rárá! Obìnrin yìí, ta lò ń bá jiyàn?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣé ẹlòmíì wà níbí ni?"

Ó fà mí lọ́wọ́, a gbéra. Ó jókòó níwájú, èmi lẹ́yìn. Nígbà tá a ga tán, ó fi bàálù sí ìpòòyì, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè nínú atẹ́gùn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Mo pariwo, ṣùgbọ́n rọ́bà oníhò tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti iwájú wá sẹ́yìn, ohùn tirẹ̀ nìkan ló ń gbé.

"Èmi ò ní fọwọ́ kàn án o, Orrin. Bó o bá ní ká kú, ká kú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹun ọ̀sán."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, n kò mọ ibi tó ti wá. Ọwọ́ mi dẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà òdìkejì ibi tí bàálù ń yí sí, bó ṣe kọ́ wa, mo ti ọ̀pá ìdarí síwájú. Bàálù dẹ́kun yíyí, ó gbórí sókè lókè abà kan, adìyẹ fọ́n ká.

Whitlock ń dúró dè wá lórí koríko.

"O rú òfin. Kó ẹrù ẹ!"

"Orrin ńkọ́?"

Mejọ wò mí. Ó ti rí ohun tí mo ṣe. "Ó lè dúró."

"Èmi ń lọ nìyẹn."

Bí Leota ṣe ń kọjá níwájú wa, Dwight ló kọ́kọ́ kí i bí sójà ṣe ń kí ọ̀gágun. Gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀. Whitlock pàṣẹ pé ká sọ ọwọ́ kalẹ̀. A ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, iléeṣẹ́ bàálù kan ní òun lè gbà á láti máa fún èrò ní kọfí. Ó bi wọ́n pé, "Ẹni tí mo kọ́ ló máa wà á, èmi ni màá máa bu kọfí fún un?" Ó padà sídìí eré bàálù rẹ̀.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà tí mo tún rí i níbi ìpàtẹ àgbẹ̀ kan. Orí rẹ̀ funfun báláú, ó ń nu ọ́ìlì kúrò lójú.

"Mà, mo gbọ́ pé dókítà yín ní kẹ́ ẹ sinmi," mo wí.

"Kó wá sọ ọ́ fún mi lókè," ó wí, ó sì tún wọ bàálù.