Ọwọ́ Lédì Àgátà

Ìwọ tó ń ka èyí, jọ̀wọ́, má kà á sókè. Bí ẹlòmíì bá wọlé bá ọ, pa á dé. Kàdúná ni èmi Silas ṣì wà, ọ̀gá sójà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ò tíì lọ.

Ìgbà ogun Hítílà ni. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Lédì Àgátà, ìyẹn obìnrin òyìnbó tó ń tún mọ́tò ṣe nítòsí rélùwéè. Abẹ́ lọ́rì ló máa ń wà láti àárọ̀, gíríìsì á dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìjòyè ńlá ni bàbá rẹ̀, pé ó ń bá ọba wọn jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù. Lédì ti kúrò nílé nítorí ẹ́ńjìnnì. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kí i.

Epo àwọn sójà sọnù. Wọ́n mú Matthias àbúrò mi, òun ló ń ṣọ́ ọ. Kò jí i. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n ní Kánò ni wọ́n ń gbé e lọ sẹ́wọ̀n.

Harriet ìyàwó rẹ̀ já wọ ibi iṣẹ́ wa.

“Bọ̀dá mi, ẹ dúró síbí ẹ ń nu irin! Ṣé kì í ṣe ọmọ ọba ló wà lábẹ́ mọ́tò yẹn?”

“Rọra, ìyàwó. Ó ń gbọ́.”

“Ó gbọ́ Yorùbá ni?”

“Háúsá ló gbọ́.”

“Ẹ fi Háúsá sọ fún un nígbà náà! Nílé wa, bí ọmọ ààfin bá ti di ọwọ́ ẹni tí wọ́n dè mú, ta ló tó fà á mọ́? Kó ṣáà di ọkọ mi mú. Kó má tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fọwọ́ o, ọmọ ọba wo ló rí bí ẹni tó bọ́ sínú ìkòkò àdín!”

Mo sọ ọ́. Lédì jáde lábẹ́ lọ́rì.

“Silas, ọwọ́ mi ò lágbára yẹn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

Kò dúró fọwọ́. A sáré dé rélùwéè, wọ́n ti ń mú Matthias lọ sídìí ọkọ̀. Lédì lọ tààrà, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn sójà dúró. Mo rí i, wọ́n dúró. Bàbá Ìlọrin kan ṣí fìlà. Harriet ti ń dúpẹ́.

Ọ̀gá sójà òyìnbó wá jáde láti abẹ́ igi. Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra sọ gbólóhùn kan sétí Lédì. Lẹ́yìn náà ó mi orí sí àwọn sójà. Wọ́n fà. Lédì ò jọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi gbogbo ara dì í mú, ṣùgbọ́n gíríìsì ń yọ̀. Ọwọ́ Matthias yọ̀ bọ́. Wọ́n tì í wọlé. Ọkọ̀ ṣí.

Èmi? Ibi tí mo dúró sí náà ni mo wà.

“Bọ̀dá, ẹ bi í! Kí ló sọ fún un?”

Mo bi Lédì. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo tún bi í.

“A'a, Silas,” ó fi Háúsá kọ̀. “N ò ní sọ ọ́.”

Harriet di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Lédì mi orí. Ó padà sídìí lọ́rì rẹ̀.